Àmọ̀kẹ́ Dágbére Jẹrúsálẹ́mù, Sùrìnámù Ló Balẹ̀ Sí

Kí ẹ tó bú Àmọ̀kẹ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ gbọ́ ọ, bóyá ó lè wúlò fún ẹlòmíràn tí oyè ń wù bí oyè ṣe wu òun.

Opó ni. Becontree ló ń gbé, ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ló ń ṣe jẹun, ó sì ti ń jọ́sìn nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Chadwell Heath láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ní gbogbo ọdún yẹn, Sístà Àmọ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọdébìnrin tó kọ́ lórin ti di Ìyá Ìjọ, wọ́n ti di Ìyá Àdúrà. Òun ṣì wà ní Sístà.

Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti dé Jẹrúsálẹ́mù ti kúrò lẹ́gbẹ́ Sístà. JP ni, ìyẹn Jerusalem Pilgrim, arìnrìn-àjò Jẹrúsálẹ́mù. Wọn á fi ọ̀já búlúù sí i lọ́rùn, wọn á gbé àga rẹ̀ síwájú, bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn mẹ́ta á sáré lọ bu omi.

Àmọ̀kẹ́ bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń kó ènìyàn lọ, òun nìkan láti ìjọ wọn. Bàbá Adéyanjú, Alùfáà ìjọ wọn, gbàdúrà lé e lórí níwájú pẹpẹ. Àwọn ará ìjọ kó ìwé àdúrà wọn fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé pélébé tí wọ́n ká, kó lè bá wọn tì í sínú ihò ògiri àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ti Wúrà ló dé gbẹ̀yìn.

"Orúkọ Jésùfẹ́mi nìkan ni mo kọ sí i," ni Wúrà wí. "Ọlọ́run mọ ìyókù."

Wúrà ni ọ̀rẹ́ tí Àmọ̀kẹ́ ní ní London. Nígbà tí ọkọ Àmọ̀kẹ́ kú, ogójì ọjọ́ ni Wúrà fi sùn sórí ilẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Jésùfẹ́mi ni ọmọ kan ṣoṣo tí Wúrà bí. Ìjà kan ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, ọmọ náà jáde nílé, ó sì ti tó oṣù mọ́kànlá tí kò pe ìyá rẹ̀.

"Màá fi ọwọ́ ara mi tì í síbẹ̀," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n gbéra ni fóònù dún. Iléeṣẹ́ náà ní wàhálà ti bẹ́ ní ìhà ọ̀hún, àwọn ti sún ìrìn àjò síwájú, àwọn ò mọ ọjọ́.

Ilé Màmá Catherine ní Eastbrook, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tó ń tọ́jú, ló wà nígbà tí fóònù yẹn wọlé, ó ń fọ abọ́. Màmá náà jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ènìyàn dúdú bíi tiwa, ṣùgbọ́n èdè Dọ́ọ̀ṣì ló fi ń bú ológbò rẹ̀. Òun náà ní ìrìn àjò tirẹ̀ nílẹ̀. Ó fẹ́ lọ wo ìlú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó fọ́ tán, ọmọbìnrin tó yẹ kó sìn ín lọ sì ti ṣubú, ó kán lẹ́sẹ̀.

"Amoki," ni màmá wí, torí bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, "sìn mí lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Èmi ni màá san gbogbo rẹ̀."

"Níbo ni, Màmá?"

"Sùrìnámù."

"Apá ibo ní Áfíríkà nìyẹn?"

"Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Etí òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bràsíl. Má dààmú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń sọ ọ́ ní London, gbogbo ènìyàn ń rò pé ìlú àwọn Ṣáínà ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà tó ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́ fún Jẹrúsálẹ́mù. Àmọ̀kẹ́ mú fóònù láti pe Bàbá Adéyanjú, kó sọ fún un pé Jẹrúsálẹ́mù ò ṣeé ṣe mọ́, pé arúgbó kan ni òun fẹ́ sìn lọ sílé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣetán láti sọ ọ́.

Bàbá gbé fóònù, ó ní, "Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o, JP wa!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àmọ̀kẹ́ létí bí oyin.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ó wí. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kì í ṣe òótọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo Sùrìnámù o. Levi, ọmọ àbúrò Màmá Catherine, ló wá gbé wọn ní pápákọ̀ òfúrufú, òun náà ló sì ń fi ọkọ̀ gbé wọn káàkiri. Ilé pákó funfun ló kún Paramaribo tó jẹ́ olú ìlú wọn, pẹ̀lú fèrèsé aláwọ̀ ewé. Apá òsì títì ni wọ́n ń wakọ̀ gbà bíi ti London. Ọmọ Íńdíà, ọmọ erékùṣù Jáfà ní Éṣíà, ọmọ Ṣáínà, ènìyàn dúdú, gbogbo wọn ń ná ọjà kan náà létí odò. Levi gbé wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí oko ìrẹsì tẹ́jú títí ojú ò fi tó o mọ́. Ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sí abúlé àwọn tí baba ńlá wọn sá kúrò nínú oko ẹrú láyé ìgbà kan.

Ní abúlé yẹn, ìyá àgbà kan ń yan ẹ̀gẹ́ nínú agbada ńlá. Àmọ̀kẹ́ bu díẹ̀ sẹ́nu.

"Gàrí!" ló pariwo. "Màmá, gàrí ni!"

"Kwak là ń pè é," ni Levi wí.

"Ẹ pè é bó ṣe wù yín. Gàrí ni."

Ìyá àgbà náà ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Àmọ̀kẹ́ yọ fóònù kó ya gàrí náà fún Wúrà.

Ìgbà náà ló rántí. Kò sí gàrí ní Jẹrúsálẹ́mù.

Ó pa fóònù, ó dá a padà sínú báàgì. Ẹ gbà mí gbọ́, ìyà ni. Kí ènìyàn rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ rẹ̀ ò rí rí, kó sì jẹ́ pé òun nìkan ò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Àwọn ará ìjọ kò jẹ́ kó sinmi lórí wọ́sáàpù. "JP wa, fọ́tò dà?" "JP, ẹ jẹ́ kójú wa rí Síónì!" Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Ó ní fóònù òun ti kú.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Levi gbé wọn kọjá ní títì kan láàárín ìlú. Sínágọ́gù àwọn Júù rèé, funfun báláú, ìràwọ̀ Dáfídì lára rẹ̀. Wọ́n wọlé: yanrìn ni wọ́n dà sílẹ̀ ilé náà láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn. Wọ́n jáde: mọ́sálásí ńlá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ògiri wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Dúró síbẹ̀," ni Levi wí, "kí n yà ọ́."

Ó yà á. Àmọ̀kẹ́ wo fọ́tò náà. Ìràwọ̀ Dáfídì. Yanrìn inú ilé náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oòrùn lójú rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìjọ, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ó ní bí òun kò bá ti sọ nǹkan kan, òun kò parọ́ nìyẹn.

Hàlélúyà mẹ́tàlélógójì ló wọlé. Wúrà gbé e sí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ pé: "Ọ̀rẹ́ mi rèé ní ìlú Olúwa."

Àwọn ìwé àdúrà ló ku. Ọjọ́ Sátidé ni Levi mú wọn lọ sókè odò, síbi tí àwọn Júù tẹ̀dó sí láyé àtijọ́. Igbó ti gba ibẹ̀. Ó ku ògiri bíríkì sínágọ́gù tó ti wó, àti sàréè tí wọ́n fi èdè Hébérù kọ nǹkan sí.

"Àwọn Júù ló ni ín," ni Levi wí. "Àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ní kó ru bíríkì rẹ̀. Ẹrú ni wọ́n."

Àmọ̀kẹ́ fọwọ́ ba ògiri náà. Ó gbóná. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ibi tí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ti wáyé, Ọlọ́run kò lè sọ pé Òun ò mọ̀ ọ́n. Ó yọ ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ń tì wọ́n sáàárín bíríkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Jésùfẹ́mi ló tì wọlé jù, títí ìka rẹ̀ fi bó.

"Kí nìyẹn?" ni Levi béèrè.

"Lẹ́tà ni."

"Sí ta?"

"Ẹ má dá mi lóhùn," ni Àmọ̀kẹ́ wí. Ó bu omi odò sínú ìgò méjì. Omi náà pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí.

Ọjọ́ kejì tó padà dé sí Becontree ni Wúrà kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú kúlà móínmóín. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Jésùfẹ́mi pè mí!"

Àmọ̀kẹ́ fà á wọlé. "Nígbà wo?"

"Ọjọ́bọ̀ tó o wà lọ́hùn-ún. Nígbà tó di Sátidé, ó ti wà nínú páálọ̀ mi, ó ń jẹ ìrẹsì."

Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni òun ti ìwé bọ ògiri. Àmọ̀kẹ́ fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé áà, Ọlọ́run mà ń dáhùn kí lẹ́tà tó dé.

"Ó dára," ni Wúrà wí, ó ń tú móínmóín sáwo. "Báwo wá ni ibẹ̀? Mo rí mọ́sálásí nínú fọ́tò rẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Júù. Àwọn méjèèjì jọ wà pọ̀ báyẹn?"

"Jẹrúsálẹ́mù nìyẹn," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "Gbogbo wọn ló ń du ilẹ̀ níbẹ̀."

"Ìwé mi ń kọ́?"

"Mo tì í síbẹ̀. Ògiri náà gbóná mọ́ mi lọ́wọ́." Òótọ́ lèyí, ó sì fi ìgboyà sọ ọ́.

Wúrà ti àwo náà sún mọ́ ọn. "Jẹ móínmóín rẹ kó má tutù," ó wí.

Nínú ìjọ, ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Fisa Bùrọ́dà Akínrẹ̀mí jáde. Wúrà dìde, ó dúpẹ́ pé ọmọ òun ti padà, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ gùn. Mìdé aríran ló fẹ́ pa Àmọ̀kẹ́. Ó dì í mú lẹ́yìn ìsìn.

"JP, mo rí yín lójú ìran o, nínú ọkọ̀ ojú omi. Igbó yí yín ká."

Àmọ̀kẹ́ yára dá a lóhùn. "Òkun Gálílì nìyẹn."

"Igbó wà níbẹ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀."

Wúrà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Irú igi wo ló wà níbẹ̀, Àmọ̀kẹ́?" ó béèrè jẹ́ẹ́.

"Ólífì," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "Ólífì ló kún ibẹ̀."

Wọ́n dá ọjọ́ ìdúpẹ́. Wọ́n tẹ káàdì lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí gbogbo ènìyàn wá bá arábìnrin wọn dúpẹ́ fún ìrìn àjò àlọ àti àbọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Wúrà wá bá a lọ aṣọ funfun rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó wí, kò gbójú sókè lórí aṣọ, "ṣé kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ bá mi sọ kó tó di ọ̀la?"

Àmọ̀kẹ́ fẹ́ sọ òótọ́ fún un. Bí ó bá sọ ọ́, ọ̀já náà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀já kọ́ ló bà á lẹ́rù jù. Wúrà ni. Báwo ni òun ṣe máa wo ojú rẹ̀ sọ pé inú igbó kan ni orúkọ ọmọ rẹ̀ wà?

"Kí ló máa wà?" ó wí. "Bá mi lọ kọ́là rẹ̀ dáadáa."

Wúrà lọ kọ́là náà dáadáa.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Àga Àmọ̀kẹ́ wà níwájú, ọ̀já búlúù wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fi òwú wúrà kọ JP sí i. Bàbá Adéyanjú ti wọ́n omi inú ìgò sórí gbogbo ìjọ, ó sì ti ṣàlàyé pé Jọ́dánì máa ń pọ́n lásìkò òjò. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí.

Màmá Catherine ló wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Ó wọ aṣọ ńlá àwọn obìnrin ìlú rẹ̀, èyí tó wú yí i ká, ó sì wé gèlè tó le bíi páálí. Káàdì ìdúpẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti já bọ́ nínú báàgì Àmọ̀kẹ́ sórí tábìlì màmá. Ìrìn àjò wo ni òun náà ìbá rò sí, yàtọ̀ sí èyí tí àwọn méjèèjì jọ lọ?

"Jésù," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

"Àmín," ni ẹni tó jókòó tì í dáhùn.

Wọ́n fún màmá ní máíkì. Bùrọ́dà Ọlásúnkànmí, ògbufọ̀ ìjọ, dúró tì í. Ọdún mọ́kànlá tó ti ń túmọ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kankan rí.

"Ó ní ẹ kú àárọ̀," ni Ọlásúnkànmí wí. "Ó ní inú òun ò dùn pé ẹ ò pe òun, nígbà tó jẹ́ pé òun àti arábìnrin wa ni wọ́n jọ rin ìrìn àjò náà."

"Hàlélúyà!" ni ìjọ wí. Arúgbó yìí náà dé Jẹrúsálẹ́mù!

"Ó ní ó tó ogójì ọdún tí òun ti délé gbẹ̀yìn. Ó ní arábìnrin wa ló di òun lọ́wọ́ mú títí dé ibojì ìyá òun ní... Màmá, níbo?"

"Paramaribo."

"Ní Paramaribo," ni Ọlásúnkànmí túmọ̀.

Ẹnì kan béèrè lẹ́yìn pé, "Ṣé ẹ̀bá Jẹ́ríkò nìyẹn?"

"Ó ní rárá o. Ó ní Sùrìnámù ni. Ó ní ó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́..." Ìgbà náà ni ohun tó ń túmọ̀ wọ òun fúnra rẹ̀ létí. Ó sọ máíkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Màmá Catherine yíjú sí Àmọ̀kẹ́. "Amoki, kí ló dé tí wọ́n ń wò mí báyìí? Ṣé o ò sọ fún wọn ni?"

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀.

"Sístà Àmọ̀kẹ́," ni Bàbá Adéyanjú wí. Ẹ gbọ́, Sístà ti padà sílé. "Ṣé ẹ dé Jẹrúsálẹ́mù?"

"Rárá, Bàbá."

"Omi tí mo wọ́n sórí ara mi láàárọ̀ yìí ń kọ́?"

"Omi ni, Bàbá."

Ilé dàrú. "Ìwé mi dà?" "Ògiri wo ló tì í sí?" Àmọ̀kẹ́ ní ògiri àwọn Júù ni, pé ó kàn jẹ́ pé inú igbó ló wà ni. Mìdé fò sókè. "Igbó! Ṣé mi ò rí i? Ẹ jẹ́rìí mi o!" Bùrọ́dà Akínrẹ̀mí ní ní tòun, òun ò ní dá ẹ̀rí padà, fisa òun ti jáde, ìjọba ò sì béèrè ògiri wo. Obìnrin kan ti ń bi Màmá Catherine bóyá ìlú wọn ń gba fisa.

Àmọ̀kẹ́ bọ́ ọ̀já náà fúnra rẹ̀. Bàbá ní kó jókòó sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta, kó má wọ aṣọ funfun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ó wá ojú Wúrà kiri. Wúrà ti jáde.

Ní ibùdókọ̀ ojú títì ló bá a, òun láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun, tí àwọn tó ń kọjá ń wò ó.

"Wúrà, dúró dè mí."

"Bọ́ọ̀sì ni mò ń dúró dè."

"Orúkọ ọmọ rẹ wà nínú ògiri náà. Màá búra fún ọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Jẹrúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n..."

"Èmi náà mọ̀."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ nínú ilé ni."

"Láti Ọjọ́bọ̀ tó o fi fọ́tò ránṣẹ́ ni mo ti mọ̀." Wúrà kò pariwo. "Jésùfẹ́mi rí i lórí sítátọ́ọ̀sì mi. Ó fa fọ́tò náà gbòòrò, ó ka orúkọ títì lára pátákó, ó sì wá a lórí fóònù. Ló bá pè mí. 'Mummy, who's lying to you? That's not Jerusalem, innit. Suriname ni.' Oṣù mọ́kànlá, Àmọ̀kẹ́. Kí wọ́n má bàa fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ló mú un pè."

Àmọ̀kẹ́ ní, "O mọ̀, o sì dákẹ́? Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Mo bi ọ́. Mo bi ọ́ lórí móínmóín. Mo bi ọ́ níwájú Mìdé, o dá igi ólífì lé mi lọ́wọ́. Mo bi ọ́ lánàá lórí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ yìí." Ó nu ojú rẹ̀. "Irọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ lé ọmọ mi jáde. Ó ní òun ń lọ sí yunifásítì, kò lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi í, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo ní n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ. Mo ní màá bi ọ́ títí ẹnu rẹ á fi ṣí."

"Dárí jì mí."

"Ó dáa. Sọ òótọ́ fún mi báyìí. Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀sẹ̀ mélòó ni Àmọ̀kẹ́ ti ń wá ẹni tó máa bi í! Ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọkùnrin máa ń gbé ẹyẹ wọn jáde nínú àgò, wọ́n á gbé àgò méjì kọ́ sórí òpó, àwọn ẹyẹ náà á máa fi orin bára wọn díje.

"Ẹyẹ?"

"Ẹyẹ. Adájọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọrin sórí pátákó."

"Níbo?"

"Lórí koríko tó wà níwájú ilé Ààrẹ."

Wúrà wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wọ bàtà.

"Àmọ̀kẹ́," ó wí, "o tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Wúrà, òótọ́ ni! Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí!"

"Jẹrúsálẹ́mù tó o rọ fún mi rọrùn gbà gbọ́ ju èyí lọ."

Bọ́ọ̀sì 62 dé. Wúrà wọlé, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ wọlé tẹ̀lé e. Ó dúró, ó di irin mú, ó ń wo báàgì náà. Wọ́n kọjá ibùdókọ̀ kan, wọ́n kọjá èkejì. Wúrà kò gbé e kúrò, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí Àmọ̀kẹ́ má dúró síbẹ̀.